Ohun Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Pa Ẹkùn

Ní gbogbo àdúgbò Tokpota, ènìyàn méjì péré ló mọ̀ pé Soumanou ń ka ìwé ọmọdé: Kafayatou ìyàwó rẹ̀, àti Òkunọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta táyà ní ìkòríta. Ọkùnrin tó ti fi èdè Faransé na ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó ń de táì lọ ra búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ayé gbọ́ pé òun ń sunkún nítorí ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá fíìmù ọmọdé lójú fóònù rẹ̀, yóò wúkọ́, yóò ní, "Ìwádìí ni."

Òkunọlá ló ni ìwé náà. Òun ni ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó kú. Ìwé ọmọdé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ẹkùn ti fa bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ ya kí ènìyàn tó ṣí ewé kejì, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá títí ó fi parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà méjèèjì a tilẹ̀kùn, wọn a máa kà á, wọn a máa pariwo, "Bù ú jẹ! Má fi í sílẹ̀!"

Ní ọjọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, kò yẹ kí wọ́n kàwé rárá. Alàájì Àyìndé àti àwọn àgbà àdúgbò ń bọ̀ wá fi Soumanou jẹ alága wọn, oyè tó ti ń rí lójú àlá. Ṣùgbọ́n àlejò pẹ́.

"Ojú ewé tó kẹ́yìn nìkan ló kù," ni Soumanou wí.

Àwọn tó tẹ ìwé náà láyé ọjọ́un kò fi àmì kankan sí i, lókè tàbí nísàlẹ̀. *Okere fi oko pa Ekun.* Soumanou fi ohùn olùkọ́ kà á: "Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ọkọ̀ pa Ẹkùn."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ apẹja. Ó dà á bò ó mọ́lẹ̀. O ò mọ ọ̀sà ni?"

Òkunọlá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀kọ̀ ni, jàre! Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń gún ẹran! Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ló lè gbé ọkọ̀?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti wọ ṣòkòtò láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kò yà ọ́ lẹ́nu?"

"Ìyá mi ló kà á fún mi. Ọ̀kọ̀ ni!"

"Ìyá tìẹ kàwé dé ibo?"

Àbàrá tó tẹ̀lé e gbé gíláàsì ojú Soumanou fò kọjá àga. Soumanou fi orí kan an nímú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Òkunọlá fi táì wọ́ ọ bí àgbò Iléyá, ó gbá a lẹ́nu, eyín kan sì bọ́ sílẹ̀. Soumanou, ọ̀jọ̀gbọ́n, bu etí rẹ̀ jẹ. Wọ́n fi ara fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n yí gbirigbiri bọ́ sí àgbàlá níbi tí Kafayatou ti ń dín àkàrà, ìwé lọ́wọ́ ọ̀kan, ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì.

"Ọkọ̀!" Gbì!

"Ọ̀kọ̀!" Gbà!

Ìgbà yẹn gan-an ni Alàájì wọlé. Àwọn àgbà sáré là wọ́n, méjì di Òkunọlá mú.

"Ọkọ, ọkọ, là ń gbọ́ láti ìta!" ni Alàájì wí. "Ọkọ ta ni? Ọ̀rọ̀ obìnrin ni?"

"Ọkọ tèmi nìyẹn, Alàájì," ni Kafayatou wí. "Èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn."

Alàájì mú ìwé nílẹ̀. "Ọ̀kẹ́rẹ́ tó wọ ṣòkòtò? Ta ló ń ka irú èyí?"

Soumanou rí oyè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ti ọmọ-ọmọ mi ni. Ìdọ̀tí lásán. Kafayatou, sọ ọ́ síná."

"Soumanou!" ni Òkunọlá ké. Ó jà títí, àwọn tó dì í mú kò tú u sílẹ̀.

Kafayatou gba ìwé, ó wo ọkọ rẹ̀ lójú. "Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ o, Bàbá Inès." Ó jù ú sórí ẹ̀yinná.

Soumanou tún táì ṣe. Ẹ̀yìn ìwé ká kò, ó dúdú, iná sì mú un. Lójijì ó ké bí ẹran tí wọ́n gún, ó ta agbada epo nípàá, ó ti ọwọ́ bọ iná títí dé ìgúnpá. Epo gbígbóná ta sí i lẹ́sẹ̀. Kò fi ìwé sílẹ̀.

"Tìẹ ni?" ni Alàájì béèrè, ó ń fà sẹ́yìn nítorí agbádá rẹ̀.

"Tiwa ni! Èmi ni mò ń kà á! Mò ń sunkún sí i pàápàá!"

Alàájì wo epo tó ta sí bàtà rẹ̀, ó yí padà. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, oyè náà sì bá wọn jáde.

Apá aṣọ Soumanou ṣì ń jó. Òkunọlá fò mọ́ ọn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá iná náà, gbà, gbà, gbà.

"Ó tó," ni Soumanou wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Iná ti kú."

"Mo mọ̀," ni Òkunọlá wí, ó sì tún gbá a.