Omi Inú Táyà

Obìnrin wolé-wolé náà ti ìgò kékeré bọ inú táyà, ó bu omi, ó sì gbé e sókè sí oòrùn. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ọ̀gá."

Bàbá Má-Dalẹ̀-Síbí kò wò ó. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé kó tó fẹ̀yìn tì. Òun gan-an ló kọ́ obìnrin yìí bí a ṣe ń bu omi sínú ìgò. Orúkọ tí àdúgbò fún un nígbà náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bó bá ti yọ lókèèrè láyé ọjọ́un, ẹni tó fẹ́ dalẹ̀ sínú gọ́tà á yára gbé garawa rẹ̀ padà sílé. Ní báyìí, fíríìjì mọ́kànlá tó ti kú ló tò sí àgbàlá tirẹ̀, táyà sì yí wọn ká bí ọgbà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń ṣà wọ́n jọ, ọdún mẹ́ta rèé. Kò sí ọ̀kan tó tíì tutù.

"Ta ló fẹjọ́ sùn?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í dárúkọ wọn."

"Ìwọ náà mọ̀ pé èyí kì í ṣe pàǹtí. Mò ń tún wọn ṣe ni."

Obìnrin náà ṣí ìwé ìkìlọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bàbá na ọrùn wò ó.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá kẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni òfin fún omi tó bá ní tanwíjí."

"Ọ̀gá, mo fẹ́ kí ẹ ráyè kó wọn kúrò ni."

"Tún un kọ."

Ó tún un kọ. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi èyí sájà, kò sì ní torí rẹ̀ sá. Ó gba ìwé náà, ó ká a, ó fi sápò.

Nígbà tí wolé-wolé lọ tán, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi inú táyà nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ti dé orí ìkẹrin kó tó rí ìyá ọlọ́mọ tó ń gbé ilé kejì, tó dúró lẹ́nu géètì, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, orí ọmọ náà já sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ibà tó ń ṣe ọmọ yìí ò tíì lọ ni?"

"Ó ti ń lọ. Àná ni wọ́n ní ká máa bọ̀ wálé láti ọsibítù." Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo fẹjọ́ sùn."

Bàbá gbé táyà sílẹ̀.

"O ò lè wá bá mi sọ ọ́ ni?"

"Mo wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá. Ẹ máa ń fún mi ní ìjókòó, ẹ óò sì máa fi fíríìjì hàn mí títí ọmọ á fi sùn lọ."

Bàbá rántí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó tilẹ̀ ti ra bisikíìtì sílẹ̀ de ọmọ náà. Ó ti rò pé ṣe ni wọ́n ń wá kí òun.