Ìjọ Òkè-Àyàn Lọ́dún Olóde

Nígbà tí àwọn ṣójà kó òyìnbó Jámánì tó dá ìjọ Lúteri sílẹ̀ ní Òkè-Àyàn lọ, gbogbo èèyàn ló ní ìjọ náà kò ní pẹ́ tú. Kò tú. Philippe Olúgbódi, tí òyìnbó náà kọ́ níwèé, ló gbé e dání. Nígbà tí ilẹ̀ ti di ti Faransé pátápátá, òun náà ló ṣì ń ka Bíbélì èdè Ewé, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ifẹ̀, èdè wọn, kí àwọn àgbẹ̀ lè gbọ́. Tísà ni wọ́n ń pè é. Pásítọ̀ kì í wá láti Atakpamé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ.

Élisabeth, ìyàwó Tísà àti ìyá Angèle, ló ń ro oko tí wọ́n fi ń jẹun. Kí ó tó ṣèrìbọmi, Ìbíọlá ló ń jẹ́, ilé àwọn tó ń bọ Olóde, òrìṣà tó ni ilẹ̀ gbígbóná, ni wọ́n sì bí i sí. Bàbárímisá, àbúrò bàbá rẹ̀, ni olórí wọn. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Tísà, bàbá yìí àti ọkọ rẹ̀ kì í bá ara wọn sọ ju ìkíni lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú gidigidi. Àwọn obìnrin tó ná ọjà Anié ló gbé ìròyìn wálé pé ilẹ̀ ti gbóná lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Lucie, ọmọ Joachim Ẹ̀taòkò tó jẹ́ alàgbà ìjọ, ni àìsàn náà kọ́kọ́ mú. Ara ọmọ náà sú bí ìgbà tí èèyàn da ọkà bàbà sí i lára. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú.

Wọn ò tíì wẹ òkú náà tí Bàbárímisá fi yọ lẹ́yìn ilé ìdáná Élisabeth.

“Ìbíọlá, sọ fún ọkọ rẹ. Tiwa lọmọ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má péjọ lé e lórí, kí wọ́n má sì sunkún. Àwa la ó gbé e lọ sígbó.”

“Bàbá, ọmọ ìjọ ni.”

“Ẹni tí í pa èèyàn tí a tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òun ló máa mọ ọmọ ìjọ yàtọ̀?”

Élisabeth bá Philippe níbi tó ti ń kan pósí, ó sì jíṣẹ́ fún un.

“Wọn á gbé ọmọ lọ, wọn á tún kó ẹrù bàbá rẹ̀ lé e,” ni Philippe wí. “Ìwọ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá Angèle.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, ilé tí wọ́n bá ti péjọ lé irú òkú bẹ́ẹ̀ lórí, ibẹ̀ náà ni àìsàn ń yà sí.”

“Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi dè yín nílé yẹn.”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́. Ká ní ó jágbe mọ́ ọn ni, Élisabeth ì bá bá a jà. Ó gbé omi gbígbóná, ó lọ bá ìyá Lucie wẹ òkú.

Gbogbo ìjọ ló kún inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti fèrèsé nítorí ọyẹ́, wọ́n sì kọrin láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Ìyá Lucie dùbúlẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ láyà, kò sẹ́ni tó lè fà á dìde.

Òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọmọ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ikú wọ ilé àwọn akọrin, ó wọ ilé Raymond tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì lọ. Bí wọ́n bá ti péjọ sin ọ̀kan, ibi ìsìnkú náà ni òmíràn ti ń kó o. Angèle ọmọ Élisabeth náà wó lulẹ̀, àmọ́ ó yè é, àpá rẹ̀ sì kún ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Philippe ti itẹ́ òkú dé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

“Ó jọ pé òótọ́ ni bàbá rẹ sọ,” ló wí.

“Ẹ dá ìpéjọ dúró nígbà náà.”

“Bí mo bá ní kí wọ́n gbé òkú ẹlòmíràn lọ sígbó báyìí, kí ni màá sọ fún Joachim?”

Kò pẹ́ tí ara Philippe náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu ṣáá pé, “Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ sin mí sí. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ.” Ìyàwó rẹ̀ á ní, “Mo gbọ́.”

Òwúrọ̀ ló kú. Kò pẹ́ tí Joachim fi kó ìwọ̀nba ọmọ ìjọ tó ṣẹ́kù dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ wẹ Tísà. Élisabeth wò wọ́n. Julienne wà láàárín wọn, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Adèle pọn ọmọ. Élisabeth ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó lọ pe Bàbárímisá.

Àwọn ará ilé Bàbárímisá gbé òkú náà. Wọ́n kó aṣọ Tísà, ẹní rẹ̀, àti àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbárímisá kọjú sí Élisabeth níṣojú gbogbo èèyàn.

“Dúpẹ́.”

Ojú rẹ̀ gbẹ. “Mo dúpẹ́,” ló wí.

Joachim gbọ́ ọ. Ó yí padà, ó lọ.

Àìsàn náà kò mú ẹlòmíràn nínú ìjọ mọ́. Ìgbà tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ tán ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rán àwọn tó ń sín abẹ́rẹ́ àjẹsára wá láti Atakpamé.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Pásítọ̀ dé. Joachim dìde láàárín ìjọ.

“Ó fi Tísà wa fún òrìṣà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Pásítọ̀ bi Élisabeth bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Kí ló dé?”

“Julienne lóyún.”

Pásítọ̀ ní kí Élisabeth má ṣe wọ inú ilé Ọlọ́run títí òun yóò fi padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Julienne gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lé èjìká, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀wé mọ́ nínú ìjọ náà, àfi Élisabeth tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Wọ́n jókòó lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n jókòó lọ́jọ́ ìsinmi kejì, wọ́n kọ orin tí wọ́n mọ̀ lórí, wọ́n túká. Joachim wá bá a lóko, ó dúró jìnnà.

“Pásítọ̀ ní o ò gbọdọ̀ wọlé. Kò ní o ò gbọdọ̀ dúró lójú fèrèsé.”

Élisabeth fẹ́ sọ pé òun ò lọ. Ó rántí àwọn tí òun bá wẹ òkú wọn. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ìta ló ń dúró sí, nínú oòrùn àti nínú òjò, tó ń ka Bíbélì fún àwọn tó wà nínú ilé. Bó bá kà á tán, Joachim á gbàdúrà, wọ́n á sì gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sílé. Adèle nìkan ló máa ń kí i.

Ó bi Bàbárímisá léèrè ibi tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí.

“A kì í fi irú ibẹ̀ han ará ilé òkú, Ìbíọlá.”

“Ọmọ yín ni mí, bàbá.”

“Nítorí bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ní fi hàn ọ́.”

Kò béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ sóko, tó rí ibi tí ilẹ̀ ti jìn díẹ̀ bí ojú oórì nínú igbó, á sọ ẹrù kalẹ̀, á dúró níbẹ̀ díẹ̀, á sì kọjá.