Ọ̀rọ̀ Tó Ní Àmì Màmá

Olúsọjí tẹ "màmá" sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo àkọsílẹ̀ tó ní àmì náà sì tò wálẹ̀ lójú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ló tún lè ṣe irú èyí ní gbogbo àdúgbò Ungwan Dosa?

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ dágbére fún ìyá rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ti ta aṣọ ní Doka, nílẹ̀ Hausa níbí, títí ẹsẹ̀ fi kọ̀. Ó ń padà sílé sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, kò sì ní bọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí Olúsọjí, àkọ́bí rẹ̀, olùkọ́ tó tún ń kọ̀wé, wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Oyèbọ́lá àbúrò rẹ̀ ní òun lè bá a sọ ọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Olúsọjí wò ó láti òkè délẹ̀. Oyèbọ́lá, tí kò lè rí fọ́tò ìgbéyàwó ara rẹ̀ nínú fóònù àfi bó bá bẹ ọmọ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Olúsọjí ti ń fi ojú tín-ín-rín wo irú wọn. Ní yàrá àwọn olùkọ́, bó bá yọjú wo kọ̀ǹpútà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí fáìlì fọ́n ká ibẹ̀ bí ìgbà tí adìẹ da gààrí nù, á yínmú. Tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá gbọ́, á kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ lásán, láìsí àwọ̀, láìsí ọ̀ṣọ́, á sì fi àmì kan tàbí méjì sí ìdí rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá pe àmì náà, ọ̀rọ̀ náà á jẹ́ ẹ.

Ó ṣí èyí tó wà lókè. "Màmá pe kọ̀ǹpútà ní 'kwamfuta' bíi Hausa lójú àlejò mi." Àmì: màmá, àṣìsọ.

Ó ṣí òmíràn. "Màmá tún fún alágbe ní aṣọ tuntun. Òmùgọ̀ ni ọ̀làwọ́ tí kò mọ ìṣirò." Àmì: màmá, ìwà-òpè. Ó rántí bí gbólóhùn yẹn ṣe dùn mọ́ ọn tó lọ́jọ́ tó kọ ọ́.

"Màmá jókòó ti Zuwera aládùúgbò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Yorùbá kan, Hausa méjì. Kò gbọ́ èyí, kò gbọ́ tọ̀hún." Àmì: màmá, àdàlù-èdè.

Ó ń yí i lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò rí èyí tí ènìyàn lè kà síta níwájú àwùjọ. Ó pe "màmá" pọ̀ mọ́ "ọgbọ́n". Kò sí. Ó pe "màmá" pọ̀ mọ́ "ayọ̀". Kò sí. Nígbà tó pe "ọgbọ́n" nìkan, àkọsílẹ̀ jáde rẹpẹtẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe náà wá sọ́kàn rẹ̀, ó sì lé e dànù.

Màmá wọlé, ó ti wọṣọ, ó ti wé gèlè. Ó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà ti ṣe tán. Olúsọjí ní ó ku díẹ̀.

"Ka díẹ̀ sí mi létí. Ariwo lè má jẹ́ kí n gbọ́ níbẹ̀."

Ó rò ó pé kí òun purọ́. Ó padà sórí ti Zuwera, ó yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kúrò, ó ní òun kọ ọ́ pé Màmá jókòó ti Zuwera títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ojú Màmá tàn. "Allah Sarki, Zuwera. Ọjọ́ tó sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú fún mi nìyẹn. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ò ń tẹ fóònù. O kọ gbogbo rẹ̀?"

Ó rántí bẹ́ńṣì tó jókòó lé, ó rántí ẹ̀fọn, ó rántí gbólóhùn tó ń tún ṣe kó lè mú dáadáa. Kò rántí ọmọ kankan.

"Mi ò kọ ìyẹn, Màmá."

"Háà." Kò bínú. Ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ wa lò ń kọ. Mo tiẹ̀ ní kí Zuwera rọra máa sọ ọ́, kí ọwọ́ rẹ lè bá a."

Olúsọjí pa kọ̀ǹpútà dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ mọ́tò, ó ní kí Oyèbọ́lá lọ sọ̀rọ̀ náà lórúkọ àwọn méjèèjì. Oyèbọ́lá wojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Olúsọjí yí ojú kúrò, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

Wọn ò tíì jìnnà nígbà tó béèrè pé, "Kí ni Màmá Zuwera sọ lọ́jọ́ náà?"

Màmá yíjú sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, Yorùbá kan, Hausa méjì, ó ń dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń dúró de ọwọ́ akọ̀wé. Ọwọ́ Olúsọjí méjèèjì wà lórí orúnkún rẹ̀, wọn ò mú nǹkan kan dání.