Sípíkà Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹ̀yin náà ti fura: kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Adédoyin nìkan ni kò tíì fura, tàbí kí á kúkú sọ pé ó ti fura, ó kàn ń sá fún un yí pálọ̀ ká láti ìgbà tí iná ti dé ní aago méje àárọ̀.

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú sípíkà ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé etí ọ̀tún lé aṣọ tó bo ẹnu rẹ̀ bí dókítà tó ń fetí sí àyà aláìsàn. Kò gbọ́ nǹkan níbẹ̀. Àwo ń yí lórí ẹ̀rọ, obìnrin inú àwo ń kọrin, ṣùgbọ́n apá òsì ni gbogbo ohùn rẹ̀ ti ń wá, ó wọ́ jọ sí ibẹ̀ bí omi inú ọkọ̀ tó fẹ́ dojú dé. Ambrose gbé àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ náà.

Aṣọ náà ń gbọ̀n.

Ó fa ọwọ́ kúrò kíá, bí ẹni tó fọwọ́ kan ejò. "Ó ń gbọ̀n, kò sì dún," ó sọ fún ara rẹ̀. "Inú rẹ̀ ti jóná nìyẹn." Ọ̀nà kan wà tí ì bá fi mọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀: kí ó yí orí padà, kí ó gbé etí òsì lé e. Kò yí orí padà.

"Helen! Bá mi pe Gideon. Kó máa bọ̀ nísinsìnyí, kó sì kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ dání!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, àwo ẹ̀gúsí tí ó ń bó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo áńpílífáyà kí ó tó wo ọkọ rẹ̀. Ó lọ mú fóònù.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Ambrose ra ẹ̀rọ náà ní Òrè, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì: áńpílífáyà àtijọ́ tí wọ́n fi pákó bò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ tó ń yí àwo, àti sípíkà méjì tó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó owó ewúrẹ́ kan. Ó fi òwú àti sípíríìtì nù wọ́n fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ra abẹ́rẹ́ tuntun, ó tò wọ́n sí pálọ̀ rẹ̀ ní Okitipupa, ó sì fi rúlà wọn ibi tí àga rẹ̀ yóò wà, ní àárín gbùngbùn. Lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ bí obìnrin inú àwo ṣe mí sínú kí ó tó gbé orin. Ó gbọ́ ìka tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá. Obìnrin náà dúró sí agbede méjì pálọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fà á lọ́wọ́. Ambrose sunkún díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Ohùn náà dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ká ní ó fi mọ sórí ẹkún ni, kì bá tí sí ìtàn láti sọ. Ṣùgbọ́n àlejò kan kò lè wọlé mọ́ kí ó má jókòó sórí àpótí gbọ́ àlàyé. Àga àárín, ti Ambrose nìkan ni. Àwọn tó ra sípíkà tuntun aláriwo, ó káàánú wọn. Nígbà tí Láyí, tí wọ́n jọ ń ṣe tíṣà, sọ pé, "Ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé ọ̀kan ń dún ju èkejì lọ," Ambrose rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń wo ọmọ jẹ́léósinmi.

"Láyí," ó ní, "etí rẹ kò tíì kàwé."

Ó sì là á lọ́yẹ̀ títí tíì tó wà lọ́wọ́ Láyí fi tutù.

Etí tó kàwé yìí ni àwọn ìjọ fi ń pè é wá ṣe adájọ́ ìdíje akọrin tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Òde-Ayé. Ti ọdún yìí, aago méjì ọ̀sán òní ni. Lọ́dún tó kọjá, ó dìde níwájú gbogbo èrò, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìjù-Odò, ṣé áltò yín wá ni, àbí wọ́n ṣì wà lóko?" Ilé ìjọsìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Charity, tó ṣáájú àwọn áltò Ìjù-Odò, àwọn obìnrin tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, bọ́ aṣọ kọ́yà rẹ̀ lábẹ́ igi níta, kò sì tíì gbé e wọ̀ mọ́ títí di òní. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ambrose fi ń tún ẹ̀fẹ̀ náà ṣe fún àlejò.

Nísinsìnyí ó jókòó sórí àga àárín, òógùn ń ṣàn wọ inú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní Àyèká ló ń rántí. Ní ọdún márùn-ún tó lò kẹ́yìn láyé, lẹ́yìn tí etí rẹ̀ di, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún bàbá náà, á rẹ́rìn-ín, á mi orí. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ àbúrò rẹ̀ fún un. Ambrose mọ bàbá yìí sín jẹ dáadáa nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é.

Ó gbé ìka sókè kí ó fi di etí òsì, kí ó lè mọ ohun tó ṣẹ́ kù. Ìka náà dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ irùngbọ̀n.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ kí Gideon, tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó fi ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ kí i. Ambrose fi Yorùbá ilé ìwé dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Tíṣà, èwo lẹ ní kò dún?"

"Ti ọ̀tún. Ìwọ náà kò gbọ́ ni?"

Gideon lọ sí ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí òsì, ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó nàró, ó wo Ambrose bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n ń bá òun ṣeré.

"Ọ̀gá, ti ọ̀tún nìkan ló ń dún. Ti òsì ló dákẹ́ rọ́rọ́."

Ambrose rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Gideon, mo bẹ̀ ọ́, ṣé o mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?"

"Òun ni mo fi ń jẹun, sà."

Kò bá a jiyàn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn sípíkà ọ̀tún, ó fa wáyà rẹ̀ yọ.

Orin kú. Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Ewúrẹ́ kan ké níbì kan, fáànù ń yí, wáyà náà sì ń mì lọ́wọ́ Gideon.

"Èyí tí ẹ ní kò dún ni mo yọ yẹn o," Gideon sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Gideon ti tẹ̀ sí iwájú áńpílífáyà, ó ń fi ìka tọ́ka sí bọ́tìnnì kékeré kan nísàlẹ̀.

"Ẹ wò ó. Èyí ló ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì. Wọ́n ti yí i sí ọ̀tún débi tó parí sí. Ta ló yí i báyìí? Ẹ̀yin ni?"

Kò sí ẹni tí Ambrose gbà láyè láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, àfi Helen, ní Sátidé, pẹ̀lú aṣọ ìnukú.

Gideon fi wáyà padà, ó yí bọ́tìnnì sí àárín. Ojú rẹ̀ là. Ó rìn padà sẹ́yìn láìmọ̀, ó sì dúró ní ibi gan-an tí Ambrose fi rúlà wọ̀n.

"Háà! Tíṣà! Obìnrin yìí ń mí o! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ? Ó dúró síbí yìí!" Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́.

Ambrose wo ibi tí ọwọ́ náà wà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Láti òsì ni ohun gbogbo ti ń wá, bí ẹni tó dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé ilé onílé.

Gideon kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kò béèrè owó iṣẹ́, ó kàn ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Ambrose jù.

Nígbà tí ọ̀kadà lọ tán, Helen wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìwọ lo ń yí i," Ambrose sọ fún un.

"Èmi ni, Bàbá Ìdára." Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Ẹ máa ń ní ohùn ti yẹ̀ sí òsì. Ẹ̀ ń bínú, ẹ̀ ń ti sípíkà síwá sẹ́yìn. Mo yí i díẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ jókòó, inú yín dùn. Ni mo bá ń yí i díẹ̀díẹ̀, tí mo bá ń nu eruku."

"Kí ló wá dé tí o fi dáwọ́ dúró?"

"Mi ò dáwọ́ dúró. Sátidé tó kọjá, kò yí mọ́."

Ọkọ̀ ìjọ tó fẹ́ gbé e lọ sí Òde-Ayé fọn fèrè níta. Ambrose dìde, ó kọjú sí òsì. Helen dì í léjìká mú, ó rọra dá a padà sí ọ̀tún, níbi tí géètì ilé wọn wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀?"

"Ọdún Àjíǹde, lọ́dún tó kọjá."

"Kí n tó lọ ṣe adájọ́."

Fèrè tún dún. Ambrose mú ìwé adájọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣí i sí ojú ewé ìdíje èṣí, níbi tí ó ti fi rúlà ya bí akọrin ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe tò níwájú rẹ̀. Ó wá Ìjù-Odò.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni àwọn áltò dúró sí.