Àtàǹpàkò Mi Lórí Ìwé Wọn

Bàbá Tọ́lá, ẹ má tíì dìde, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Mo dé ilé àwọn tó ni ìkànnì tí mo ń kó fọ́tò sí, mo ní kí wọ́n kó ẹrù mi fún mi, mo ń lọ. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní kí n máa lọ, àmọ́ ohùn olóògbé Màámi tó ń ki mí, tí mo gbà sílẹ̀ síbẹ̀, kò ní jáde. "Ẹ ti tẹ 'Mo gbà'," ló wí, ó na ìwé sí mi. Àtàǹpàkò mi ló lẹ̀ mọ́ ọn, tòun tèékánná. Mo wo ọwọ́ mi, ìka mẹ́rin. Mo wá gbọ́ Màámi nínú ilé, wọ́n ń fi oríkì mi ki àlejò. Mo pariwo, "Màámi, Àníkẹ́ yín rèé!" Wọ́n ní, "Àníkẹ́ wà lọ́dọ̀ mi. Ìwọ ta ni?" Mo bá ta jí.