Ohun Tí Ajá Kò Lè Jẹ

"Ẹ má tíì jáde wá, Mọ́mì!" Jasna ké láti ẹ̀yìnkùlé.

Ó ti pẹ́ jù. Desanka, ìyá ọkọ rẹ̀, ti gba ilé ìdáná jáde sí i. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, Garo ajá wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń lá ẹnu. Búrẹ́dì ọdún ni ajá jẹ, èyí tí Jasna fi ìyẹ̀fun pípò ṣe àgbélébùú sí lórí, tó sì gbé síta kó tutù. Lọ́sàn-án ni àlùfáà ń bọ̀ wá súre sí i, kó sì gé e.

Ọjọ́ pẹ́ tí ilé ọkọ rẹ̀ ti ń ṣọdún Lúùkù Mímọ́ ní ìlú Valjevo. Lésìí ni Desanka gé nínú búrẹ́dì tirẹ̀, tó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó máa ṣe é lọ nílé tirẹ̀. Àkọ́ṣe Jasna nìyí, ojú sì tì í débi pé kò lè dìde.

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti ba ọdún yín jẹ́."

Olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni Desanka kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fi ìbéèrè bíbi sílẹ̀.

"Ìyàwó, búrẹ́dì tí mo fún yín lésìí dà?"

"A ti jẹ ẹ́, mà."

"Ó ti tán nìyẹn. Ọdún náà ńkọ́?"

"Ó ṣì wà."

"Níbo? Inú fìríìjì?"

Jasna rẹ́rìn-ín tipátipá. "Kò sí níbì kan, mà."

"Ẹn-ẹ́n! Ohun tó bá ṣeé fọwọ́ kàn, ajá lè jẹ ẹ́, iná lè jó o. Èyí tí mo fún yín ò lára tẹ́nikẹ́ni máa gé jẹ. Bíi nọ́ńbà méje ni: pa á rẹ́ lára gbogbo pátákó ayé, méje ò kú. Ọ̀gbẹ́ni Garo yìí ò lágbára tó bẹ́ẹ̀."

Ara tu Jasna pẹ̀sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ nu ojú.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, kí ni àlùfáà máa wá gé? Ohun tí ò lára, ọ̀bẹ ò lè ràn án."

"Ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ kíláàsì mi ti máa ń fìdí rẹmi." Inú Desanka dùn. Ó ti ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ìyẹ̀fun dà? Ọ̀sán ò tíì pọ́n."

Jasna gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ṣáájú rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó sì fa àga kan jáde fún un.

"Ẹ jókòó, Mọ́mì," ó ní. "Ọdún mi ni. Èmi ni màá pò ó."