Apá Tí Kò Sẹ́ni Tó Ń Fà Á Padà

Omi ti ń dà. Ó ti jókòó sórí àpótí nínú balùwẹ̀, ó ti na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ mi ti wà lórí ojúgun rẹ̀… Tó bá tún fi apá gbé e lónìí ńkọ́? Tó bá tún fi apá yẹn gbé e—

Kí ni mo ń dúró ṣe lẹ́nu ọ̀nà, tí mo di òpó ilẹ̀kùn mú bí olè?

Ìyá ọkọ. Lẹ́nu mi, "Màámi, ẹ kú iṣẹ́." Nínú ikùn mi, obìnrin yìí. Obìnrin yìí tó gbé báàgì láti Ìsẹ́yìn wá sí Port Harcourt pé òun wá wẹ ọmọ. Ta ló pè é? Olúmidé ọkọ mi ni. Olúmidé tó ti sá lọ sí ọ́fíìsì báyìí.

"Àjàní, ọkọ mi! Nà á, nà á!" Ọ̀tún ló ń nà yẹn, èyí tó dáa. Ó kan òsì. Lẹ́yìn òsì, á di ọwọ́ méjèèjì mú, á gbé e sókè, á mì í bí ẹni ń gbọn aṣọ tútù. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ fi apá gbé ọmọ yìí. Mo sọ fún Olúmidé kó sọ fún un. Ó ní òun ti sọ. Irọ́. Irọ́ funfun báláú.

Apá òsì yẹn… láti ọjọ́ tí mo bí i ni. Èjìká há, agbẹ̀bí di orí mú, ó ń fà. Láti ọjọ́ náà ló ti rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó yí sínú, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn. Eunice yàrá kejì rí i. "Mama Ayọ̀, see your pikin! E dey collect egunje for back!" Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Kí eegun ẹja há a lọ́fun.

Ìyá Olúmidé náà sọ tiẹ̀. "Ìyàwó, apá tí a ò bá nà ló ń le. Báyìí ni mo ṣe wẹ ọkọ rẹ. Ṣé apá tiẹ̀ rọ nígbà tó ń gbá ẹ mọ́ra?" Ojú tì mí.

Kò mọ nǹkan kan! Ó rò pé ẹni tó bá ti fa apá dáadáa, apá á gbọ́ràn. Èmi tí mi ò parí ìwé mẹ́fà, tí mò ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní Rumuokwuta nírọ̀lẹ́, èmi mọ̀. Tíṣà Boma mú ẹran màlúù tó ti jinná wá, ó ń fà á ya. Okùn nínú okùn, fọ́nrán nínú okùn. Ó ní nínú fọ́nrán yẹn, níbi tójú ò tó, èyí tó nípọn àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ki ìka ọ̀tún bọ àárín ìka òsì, ó tì wọ́n wọlé. "See am? The thread no dey short. Na inside each other dem dey enter." Èyí tó nípọn ń di èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ mú, ó ń fà á, ó ń jù ú sílẹ̀, ó tún ń dì í mú níwájú, bí ẹni ń fa korobá láti inú kànga. Iṣan á kúrú, á wú. Àmọ́ ó dìgbà tí ọpọlọ bá ránṣẹ́ sí i. Okùn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà ló farapa lọ́rùn ọmọ mi. Ẹran apá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dúró… kò gbọ́ ìpè.

Falilat tó ń ta pọ̀nmọ́ ní Creek Road, tá a jọ wà ní kíláàsì, bi í, "Oga, after e don pull, wetin dey push am back?"

"Push ke? Meat no sabi push. Na only pull e sabi. Dis one pull go front, im brother pull come back. If one no hear message, the other one go carry the hand go im own side."

Go im own side.

"Ìwọ ọ̀lẹ yìí ńkọ́?" Ó ti dé òsì. Ọ̀lẹ! Apá ọmọ mi ló ń pè lọ́lẹ— ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí. Eyín mi ti lẹ̀ mọ́ra. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń fà yìí, ó ti ń fà láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti dé, kò sì ṣiṣẹ́ kan ju pé ó pa ẹnu mi dé.

Dúró ná.

Kí ló yí apá ọmọ mi sínú? Iṣan tó dáa ni. Iṣẹ́ tiẹ̀ ló ń ṣe, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èkejì rẹ̀ ni kò fà.

Ilé yìí náà… Obìnrin yìí ń fà, fífà ló mọ̀, ó ti ń fà kí wọ́n tó bí mi. Ta ló ń fà á padà? Èmi ń ti Olúmidé síwájú. Èmi ń bá Eunice rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra rẹ̀, mo ṣì kórìíra rẹ̀ — ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ohun tí dókítà wí fún un rí. Lójúkojú, mi ò sọ ọ́ rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Omi dákẹ́. Ó ń di ọwọ́ méjèèjì mú—

"Màámi."

Ohùn ta nìyẹn? Tèmi ni.

"Màámi, ẹ má fi apá gbé e."

Ó gbé ojú sókè wò mí, ọwọ́ ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì tíì gbé e.